Èmi Ni Mo Tọ̀

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ti bodè pa, tí àwọn aṣọ́bodè fi igi dábùú ọ̀nà láti Ìdí-Ìrókò dé Owódé, tí wọ́n ń tú ara ènìyàn wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn obìnrin onífàyàwọ́ ń rọ òróró sínú ọ̀rá, wọ́n ń dì í mọ́ ikùn lábẹ́ ìró.

Ẹrù tèmi yàtọ̀. Látìgbà tí mo ti bí ọmọ kẹrin, bí mo bá wúkọ́ báyìí, ìtọ̀ á já. Mo ń fi àkísà àti ọ̀rá dì í, mo sì ń gbé orí sókè bí ayaba. Òmùgọ̀! Ìyá ọkọ mi, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí kì í lè dé ilé ìtọ̀ kó tó dà sára, òun ni mo ń yínmú sí. "Màmá, ẹ jókòó sórí ọ̀rá o, ẹ má ba àga jẹ́." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Màmá wà nínú ọkọ̀, aṣọ́bodè dá wa dúró. Eruku gbà mí lọ́nà ọ̀fun, mo wúkọ́, ọ̀rá yẹ̀, ìró mi tutù.

"Òróró nìyẹn! Ìyá, sọ̀kalẹ̀, tú ìró yẹn!"

Yéè! Gìrìpá ọkùnrin tí kò mọ ìtọ̀ yàtọ̀ sí òróró! Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí mi. Bí mo bá tú ìró, mo tẹ́ nìyẹn.

Màmá ní, "Èmi arúgbó ni mo tọ̀ sí i lára. Wá gbóòórùn ẹ̀ wò."

Aṣọ́bodè di imú, ó ní ká máa lọ. Àwọn èrò ọkọ̀ fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ dé Owódé. Mo kọjú sí fèrèsé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo mú un lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti àpò ìtọ̀ ni àrùn náà bà jẹ́, kó máa lọ tọ̀ ní wákàtí méjì-méjì, kó má dúró de ìgbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Màmá ní, "Ìyàwó mi yìí náà ńkọ́?" Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìbímọ ló dẹ ẹran ìsàlẹ̀ tèmi, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ń fún un pọ̀ lójoojúmọ́.

Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ kì í já mọ́. Màmá ti kú. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹnì kan tún sọ ìtàn ìyá arúgbó tó tọ̀ sínú ọkọ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo tọ̀.