Bí Mo Ṣe Fi Oyún Pamọ́ ní Yàrá Eku

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè dúró ṣàlàyé láàárín ọjà. Eku funfun ni a ń sìn. Kẹ́míkà tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń pa koríko oko ẹ̀gẹ́, a ń fún àwọn eku tó lóyún ní díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, ká lè mọ ohun tó ń ṣe fún ọmọ inú. Àwọn ará àdúgbò mi gbà pé títà ni mò ń ta eku, wọ́n á ní ṣé ó dùn lọ́bẹ̀. Inú á bí mi, n óò tún rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ojú kò tíì rí nǹkan kan lára ìyá, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ń yọ, ìgbà náà ni kẹ́míkà sì léwu jù. Ìdí nìyí tí èmi fúnra mi fi kọ ọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń pò ó pé obìnrin tó bá rò pé òun lóyún kò gbọdọ̀ wọlé, kó tètè wá sọ. Ẹnu mi kì í sinmi lórí òfin yẹn.

Àfìgbà tí oyún dé bá èmi náà. Èmi àti ọkọ mi ti wá ọmọ títí. Èyí tó kọ́kọ́ dé bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo ti fi ìdùnnú ròyìn rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí èyí dé, mo lọ sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ìtàjí, níbi tó ti ń fún epo. Ó gbé ọwọ́ tó kún fún epo sókè, ó jó díẹ̀, ó wá fajú ro.

"Mọ́ sọ fún ẹnìkankan," ó ní. "Mọ́ sọ ní ulé, mọ́ sọ ní ubi uṣẹ́ rẹ. Ukùn rẹ á sọ ọ́ fún ẹni tó bá lójú."

Mo mọ̀ dáadáa pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ba oyún jẹ́. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣèlérí fún un. Bí mo ṣe ń padà sí Ọ̀yẹ́ ni mo rántí òfin ara mi. Bí mo bá sọ, mo já ìyá mi kulẹ̀. Bí n kò bá sọ, tí mo wọ yàrá yẹn, ọmọ ni mo fi ń ta tẹ́tẹ́. Iṣẹ́ kò sì ṣeé dá dúró, torí eku aboyún kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ irọ́, kí n má bàa wọ ibẹ̀. Ọkùnrin ará Ìdó kan ló ń bójú tó yàrá náà, àwa méjèèjì la jọ ń po kẹ́míkà. Ó jù mí lọ díẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé ọrùn ń dùn mí. Nígbà tó yá, ó di ọ̀fìnkìn. Nígbà tí àìsàn tán lẹ́nu mi, mo ní mò ń gbààwẹ̀, pé òórùn kẹ́míkà kì í jẹ́ kí n lè gbàdúrà. Ó ní kò burú. Kò pẹ́ rárá tó fi ká mi mọ́ ẹ̀yìn ilé eku, àgbàdo sísun lọ́wọ́ kan, àgbọn lọ́wọ́ kejì, ẹnu mi kún fọ́fọ́.

"Ẹ kú ààwẹ̀, mà," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ojú tì mí débi pé àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. "Mà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n máa dá kẹ́míkà yẹn pò fúngbà díẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ ọ dáadáa."

Ọkùnrin tó ti ń pò ó kí n tó mọ ọ̀nà yunifásítì yìí ló fẹ́ kọ́ṣẹ́! Mo wò ó, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní mo gbà. Bó ṣe jáde tán, mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún ayọ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan títí ikùn mi fi yọ. Lọ́jọ́ tí mo wá sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé eku, ó ya ẹnu sílẹ̀ bíi pé kò mọ̀ rí, ó ṣe é ní àṣejù tí gbogbo wa fi bú sẹ́rìn-ín.

Mo yọ òfin ẹnu ilẹ̀kùn kúrò, mo kọ òmíràn: ẹni tí kò bá fẹ́ po kẹ́míkà lónìí, kó sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ìdí.

Ní Ìdó ni mo bímọ sí, ní ọsibítù ńlá ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọbìnrin náà lé mi láyà, ìyá mi dúró tì mí. Nínú iṣẹ́ wa, ohun àkọ́kọ́ tí a ń ṣe fún ọmọ eku ni pé ká ka ìka ọwọ́ àti tẹsẹ̀ rẹ̀, torí ibẹ̀ ni aburú kẹ́míkà ti lè hàn. N kò tíì wo ojú ọmọ mi dáadáa tí ọwọ́ mi ti wọ abẹ́ aṣọ, mo ti ń kà. Ìyá mi rí ètè mi tó ń mì, ó gbá mi lọ́wọ́.

"Kí ni ò ń kà? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Ìka náà pé. Mo gbójú sókè sí i, omijé ń dà lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

"Yèyé," mo ní, "èmi ni ọlọ́mọ."