Ìgbín Ló Ká Ewé Tó Pọ̀ Jù Lọ́jọ́ Tó Kú

Aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi ló ń bá mi kọ èyí. Èmi kò mọ̀wé. Mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọ̀rọ̀ mi, kò sì gbọdọ̀ bù kúrò nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún oko tí mo fẹ́ bá wí. Ó ní òun gbọ́.

Ìyàwó ọmọ mi kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n wọn ewé tán. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi ká ewé tíì nínú oko yìí, oko kan náà tí èmi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ká kí wọ́n tó ní mo ti dàgbà jù, kí n máa lọ tu koríko láàárín àwọn irúgbìn. Orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn oko ló kú sí. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì kò ní, torí ó bọ́ sójú ọ̀nà níbi tí a ti ń gbé e bọ̀. Mo padà lọ wá a lọ́jọ́ kejì. Mi ò rí i.

Lọ́jọ́ kẹta, máníjà fi ìwé ránṣẹ́. Aránṣọ ló kà á fún mi. Wọ́n ní àwọn bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní àìsàn ara rẹ̀ ló pa á, kì í ṣe iṣẹ́, nítorí pé ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ewé sí fi hàn pé ara rẹ̀ le koko lọ́jọ́ náà. Kílò mẹ́tàléláàádọ́ta ló ká, kò sì sí ẹni tó ká tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo oko. Wọ́n ní kò sí òṣìṣẹ́ tó ń ká ewé nínú yàrá wa mọ́, kí èmi àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kó jáde kí oṣù tó parí. Òfin oko ni pé bí iṣẹ́ bá pa ènìyàn, àwọn ọmọ rẹ̀ á wà nínú yàrá títí wọn yóò fi parí ilé-ìwé. Bó bá jẹ́ àìsàn ara rẹ̀ ni, ìta ló kàn wọ́n. Àgbà ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Mo ní kí aránṣọ tún ìwọ̀n yẹn kà. Ó tún un kà. Kílò mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìyàwó mi, ẹ ò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Ìgbín ni gbogbo oko ń pè é, òun náà á sì jẹ́ ẹ. Kò sí ọwọ́ tó falẹ̀ tó ọwọ́ rẹ̀. Ewé méjì àti ọ̀mùnú àárín wọn, ìyẹn nìkan ló yẹ kí a máa já lórí igi tíì. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tètè kún á máa já ewé líle mọ́ ọn, á wá fi ewé rírọ̀ bo ojú rẹ̀. Èmi náà ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún, mi ò ní purọ́. Òun kò ṣe é rí. Á dúró ti igi kan ṣoṣo bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Nínú ọdún mọ́kànlá, kò ká tó ọgbọ̀n kílò lójúmọ́ rí. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò tí ewé ń rú yọ gan-an, á ká méjìdínlọ́gbọ̀n, á sì máa yangàn títí di ọjọ́ kejì.

Fọ́máànù fẹ́ràn láti máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Á ní, "Ìgbín, ṣé o gbé ilé rẹ dání lónìí?"

Á dáhùn láìgbójú sókè: "Mo gbé e dání o, ọ̀gá. Èyí tẹ́ ẹ fún wa ń jò."

Nígbà tí ọmọ mi mú un wálé, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo ní ọwọ́ yìí ò ní bọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màmá, ó máa bọ́ yín." Ọmọ mi wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn lọ́dún kẹfà ìgbéyàwó wọn, kò padà, kò ránṣẹ́. Ọwọ́ tó falẹ̀ yẹn ló bọ́ mi láti ìgbà náà. Mi ò fi ìgbà kankan sọ fún un pé mo ṣìnà. Kò sì béèrè.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin tó ń fín oògùn apakòkòrò sí igi tíì pa iṣẹ́ tì. Oko kò wá ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí àwọn tí ọwọ́ wọn kò yá nínú àwọn obìnrin wá gbé àgbá oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ kò yá? Ìdí àgbá tí wọ́n fún un ń jò. Ó fi han fọ́máànù, fọ́máànù ní kó fi àpò ṣe òṣùká sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpò ń mu oògùn, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń mu ún, fún odidi oṣù mẹ́ta. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bó. Mo ń fi omi tútù wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, omi náà á máa rùn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé àbúrò nínú àwọn ọmọ ló ń bá a di ife mú.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ sí ilé ìwòsàn oko. Nọ́ọ̀sì ní oòrùn ni. Ó fún un ní hóró oògùn funfun. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun nìkan ló wà fún gbogbo oko, hóró funfun yẹn nìkan ni wọ́n sì kó fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ló rí i. Ìwé tí máníjà fi ránṣẹ́ kò mẹ́nu kan ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tí kò lè gbé àgbá mọ́, wọ́n dá a padà sídìí kíká ewé. Ó ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì torí àìlè dìde. Ẹ̀kẹta, wọ́n á gba yàrá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kó dùbúlẹ̀ sílé. Ó ní, "Màmá, yàrá ńkọ́?" Ó de aṣọ mọ́ ìdí, ó jáde.

Kí oòrùn tó mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a máa ń ṣe. Bí ara ẹnì kan kò bá yá, a ó tẹ́ ẹ sínú poro, sí abẹ́ òjìji igi, a ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá á ju ẹ̀kúnwọ́ ewé kan sí i. Ẹ̀kúnwọ́ kan kì í dun ẹnikẹ́ni. Tó bá di ìgbà tí wọ́n ń wọn ewé, á ti tó èyí tí wọn ò fi ní kọ ọ́ pé kò wá. Wọ́n ṣe é fún èmi náà nígbà tí mo lóyún.

Àṣejù la ṣe lọ́jọ́ náà. Nítorí pé Ìgbín ni, ẹni tó yẹ kó ju ẹ̀kúnwọ́ kan ju mẹ́ta. Àwọn tó wà nínú poro tó jìnnà wá. Obìnrin kan tí wọ́n jọ jà lórí okùn ìsáṣọ, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan, da ewé ẹ̀kún aṣọ ìdí rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó bá tirẹ̀ lọ láìwẹ̀yìn. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn kò ní bù tó. Èmi fi koríko tí mò ń tu sílẹ̀, mo lọ já ewé, ewé líle àti rírọ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n já. Nígbà tó yá, èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà ka orí lọ sídìí òṣùwọ̀n.

Akọ̀wé tó ń kọ ìwọ̀n ewé bi mí ní nọ́ńbà òṣìṣẹ́. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Ó wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ó kọ ọ́. Ó ti mọ̀ mí láti ogún ọdún. Ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni Ìgbín, ó sì mọ̀ pé Ìgbín kò lè ká ìdajì ohun tó ń kọ yẹn. Kò gbójú sókè.

Inú wa dùn. Ẹnì kan ní Ìgbín ti di ẹṣin lónìí. A rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ sí i létí níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ mì. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá gbígbọ̀n lásán ni, mi ò mọ̀.

Mo bẹ awakọ̀ katakata pé kó gbé e. Ó ní ewé ló ń gbé lọ sí ilé ẹ̀rọ, bí ewé bá pẹ́ nínú oòrùn, á rọ, á pọ́n, wọ́n á lé òun. Ó na tapólì bo ewé kí oòrùn má pa á, ó lọ. Àwa mẹ́rin di igun àpò mú, a gbé ènìyàn lọ lórí ẹsẹ̀ wa nínú oòrùn kan náà. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wà ní títì. Bẹ́ǹṣì ló wà níta.

Mi ò sunkún. Àwọn ènìyàn ń wò mí bóyá màá sunkún. Mo ń ronú nípa bàtà.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìwé yẹn, ìbéèrè díẹ̀ ni mo ní. Obìnrin tí kò ká ọgbọ̀n kílò rí ká mẹ́tàléláàádọ́ta lọ́jọ́ tó kú, kò sì sí ẹni tí ojú rẹ̀ ta sí i láàárín yín? Ìwé ìwọ̀n ewé ni ẹ fi dá a lẹ́jọ́. Kí ló dé tí ẹ kò ṣí ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀? Ọdún mọ́kànlá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àbí ọjọ́ kan tó dára fún yín nìkan ni ẹ mọ̀ ọ́n kà? Bó bá jẹ́ pé igi tíì kan ló gbẹ, ẹ ò bá ti mọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ò bá ti hú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ wò. Oògùn tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ mu fún oṣù mẹ́ta, ewé yín ni ẹ fi ń dáàbò bò. Ewé yín dára. Ẹ kú iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn obìnrin gbọ́ pé mo fẹ́ sọ èyí, wọ́n wá bá mi. Bí oko bá mọ̀ pé a máa ń bù fún ara wa, wọ́n á ní jìbìtì ni, wọ́n á lé gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá, ẹ fẹ́ fi yàrá tiwa gba yàrá tiyín."

Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyí. Èmi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà, èmi ni mo pe nọ́ńbà Ìgbín. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló tún bù sí i, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mi ò rí ojú ẹnì kankan. Kí wọ́n lé mi. Iṣẹ́ koríko ló wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí máníjà fi bírò pa ìwọ̀n ọjọ́ yẹn rẹ́. Kí nọ́ọ̀sì kọ ẹ̀ẹ̀mẹrin tó rí i, kó sì buwọ́ lù ú. Kí fọ́máànù gbé àgbá tó ń jò yẹn jáde síta kí gbogbo ènìyàn wò ó, torí ní àárọ̀ yìí, ẹ̀yìn obìnrin mìíràn ló wà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé iṣẹ́ ló pa á. Kí wọ́n fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá.

Aránṣọ, kọ́kọ́ ka èyí fún àwọn obìnrin náà nídìí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ti máníjà, fi í lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, má fún akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí ọmọ mi wà, kó sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, kó má baà wá sọ fún mi pé òun kò gbọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ló kù. Wọ́n mọ̀ pé ìyá wọn kú, wọ́n sì gbọ́ pé apẹ̀rẹ̀ kan ló fẹ́ lé wọn jáde nílé. Má kà á fún wọn. Èmi ni mo máa sọ fún wọn ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ náà.