Káfíńtà Tó Kírun Ọ̀sẹ̀ Kan Sílẹ̀

Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bí ènìyàn bá dé Sango, kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ lójú kan, nítorí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Ilé tí wọ́n ti ń po ọṣẹ lánàá, wọ́n ti ń jó níwájú pẹpẹ níbẹ̀ lónìí. Ọ̀gbẹ́ni kan lọ́nà Ìtèlé kó gbogbo adìẹ rẹ̀ tà láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó kun ilé adìẹ náà lọ́dà funfun. Kó tó di Tọ́sìdeè, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rìndínlógún ti ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní họ́sítẹ̀lì, ìyẹ́ adìẹ ṣì ń já bọ́ sínú ìwé wọn. Pátákó ìsọjí pọ̀ lẹ́bàá títì dé ibi pé ewúrẹ́ àdúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀wé kà.

Gbogbo ilé wọ̀nyí ló ń fẹ́ òrùlé, òrùlé sì niṣẹ́ Àmọ̀dá. Ọmọ Ìkirè ni. Ládàánì ni bàbá rẹ̀ nílé, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lókè tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá pe ìrun Àsùbá, àwọn tí kò tíì kú tán á dìde. Abẹ́ ohùn yẹn ni wọ́n ti tọ́ Àmọ̀dá. Nígbà tó kó hámà rẹ̀ àti dòdò Ìkirè wá sí Sango, ìrun márùn-ún lóòjọ́ kò ṣòro fún un ju ẹ̀ẹ̀mí mímí lọ.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n gbà á síbi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìtèlé. Àdàbà tó bá gbéra níhà pẹpẹ ilé yẹn, á yé ẹyin lójú ọ̀nà kó tó dé ìhà ilẹ̀kùn. Àkàbà rẹ̀ ní ọgọ́ta ìgbésẹ̀. Ẹni tó fá irùngbọ̀n nísàlẹ̀, á ti nílò abẹ mìíràn kó tó dókè. Bí wọ́n bá pe Àìlà, kí Àmọ̀dá tó sọ̀ kalẹ̀, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun, kó tún gòkè padà, kò níí pẹ́ tí Àlàásárì á tún máa pè é. Díákónì Àbáyọ̀mí tó jẹ́ fóòmàn wọn a sì dúró nísàlẹ̀, a máa wò ó bí ẹni ń wo ọ̀kẹ́rẹ́.

“Àmọ̀dá, ṣé òrùlé la gbà ọ́ pé kí o kàn ni, àbí àkàbà la ní kí o máa kà?”

Àwọn tó kù a bú sẹ́rìn-ín. Ojú ń ti Àmọ̀dá. Lọ́jọ́ kan ó fo Àìlà. Lọ́jọ́ kejì ó fo Àìlà pẹ̀lú Àlàásárì. Kí oṣù tó parí, ọkàn rẹ̀ ti ń bù ú jẹ bí ìdun, kò sì ríbi họ.

Fàlílù tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà ní Ìlò-Awẹ́là ló fún un lọ́gbọ́n láìmọ̀. Iléeṣẹ́ bísíkíìtì ni Fàlílù ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ó wá ń ṣàlàyé pé àwọn ti ṣe bísíkíìtì ọjọ́ ọdún sílẹ̀, àwọn ti dì í sí páálí, bí ẹ̀rọ bá sùn lọ́jọ́ ọdún, ẹnu ọmọ ẹnikẹ́ni kò níí gbófo. Ọ̀rọ̀ bísíkíìtì ló sọ o. Ìrun ni Àmọ̀dá gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán tí gbogbo èèyàn ti ń wá bàtà wọn, Àmọ̀dá dúró sẹ́yìn. Ó kí Àsùbá ọjọ́ Sátidé. Ó kí Àìlà rẹ̀, Àlàásárì rẹ̀, Mọ̀gàríbì rẹ̀, Ìṣáì rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó wọnú ọjọ́ Sọ́ńdè. Ìrun márùndínlógójì, rákáà mọ́kàndínlọ́gọ́fà, lórí ìjókòó kan. Nígbà tó dé àárín, kò rántí mọ́ bóyá Túsìdeè lòun wà tàbí Wẹ́sìdeè, ló bá padà sí Mọ́ńdè kó má baà sí àṣìṣe. Bàbá Láwàlì tó jẹ́ ládàánì mọ́sáláṣí náà mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ń dúró dè é kó lè tilẹ̀kùn, títí oorun fi gbé e lọ lórí ìjókòó.

Láti ọjọ́ náà, ayé dẹ Àmọ̀dá lọ́rùn. Bí wọ́n bá pe Àsùbá, a yí ẹ̀gbẹ́ padà, a fa aṣọ bojú, a ní, “Ti òní ti wà nílẹ̀.” Bí wọ́n bá pe Àìlà, a máa kan ìṣó lọ lókè. Díákónì sọ pé òun kò rí káfíńtà tó jára mọ́ṣẹ́ tó báyìí rí.

Bàbá Láwàlì ní tirẹ̀ kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ohun tójú rẹ̀ rí ló ń sọ kiri, pé ọkùnrin kan wà ní mọ́sáláṣí àwọn, bó bá bẹ̀rẹ̀ ìrun, á rẹ oòrùn, á lọ sílé. Nígbà tí ìròyìn náà dé Ọ̀tà, ìrun márùndínlógójì ti di ọ̀ọ́dúnrún. Nígbà tó fi máa dé Ifọ̀, ẹsẹ̀ Àmọ̀dá kì í kan ẹní mọ́.

Etí ẹni tí Àmọ̀dá fẹ́ kó gbọ́ jù ló wá bọ́ sí, ìyẹn Àáfà Rùfáì, bàbá Mọ̀nsúrát. Mọ̀nsúrát ló ń ta ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lójú títì Ìlò-Awẹ́là. Ojoojúmọ́ ni Àmọ̀dá ń ra ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kún ọwọ́ kan, ẹ̀kún ọwọ́ kan, bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé, ọ̀rọ̀ bàbá ló kù, bàbá náà sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé ẹni tí kò bá lè dúró ti ìrun márùn-ún, kò lè dúró ti ìyàwó kan. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti tìtorí gbólóhùn yẹn lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ti Àmọ̀dá yàtọ̀. Ó ránṣẹ́ pè é, ó ní kó kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní. Inú Àmọ̀dá dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, ó gbàgbé pé ọ̀kadà lòun gùn wá.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, Mọ̀nsúrát gbé páálí ìṣó wá síbi iṣẹ́, nítorí Díákónì ra èyí tó pọ̀. Bó ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni wọ́n pe Àìlà. Bíríkìlà méjì tó jẹ́ Mùsùlùmí ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, wọ́n wá omi lọ. Mọ̀nsúrát gbójú sókè, ó ń retí kí ẹni tí gbogbo Ọ̀tà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìró hámà nìkan ló ń gbọ́.

“Bọ̀ọ̀dá Àmọ̀dá, wọ́n ti pe Àìlà o.”

“Mo gbọ́. Tèmi ti wà nílẹ̀.”

“Ó wà nílẹ̀ níbo?”

Àmọ̀dá rìn wá sí etí òrùlé, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti òkè ọ̀run, pẹ̀lú ìgbéraga, pẹ̀lú iye rákáà. Ohùn bàbá rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ló gbọ́. Díákónì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń sin Ọlọ́run, òun ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kéèyàn san án sílẹ̀, òun ì bá ti ṣe ìṣọ́ òru kan ṣoṣo fún gbogbo ọdún.

Mọ̀nsúrát kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan péré.

“Ìṣó tí ẹ ń rà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, kí ló dé tí ẹ kì í ra páálí kan lẹ́ẹ̀kan náà?”

“Kí n ra páálí kan kẹ̀? Ṣebí torí kí n lè máa rí ọ ni.”

“Ó dáa,” ni Mọ̀nsúrát wí. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Àmọ̀dá ṣe ń jáde kúrò ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn tó kírun ọ̀sẹ̀ tán, Mọ̀nsúrát ló bá níwájú àgbàlá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ẹ káàsán ọjọ́ Sátidé. Ẹ kúùrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ káalẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó dàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.” Ó bọ́ sórí Sọ́ńdè, ó tún kí i márùn-ún. Àmọ̀dá ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ìfẹ́ ni. Kí wọ́n tó dé Wẹ́sìdeè, èrò ti pé jọ, oníkẹ̀kẹ́ kan pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Nígbà tó kí i márùndínlógójì tán, Mọ̀nsúrát dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

“Ó pé. Ó di Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà ni n ó sọ fún bàbá mi bóyá kí àwọn ẹbí yín wá lọ́jọ́ kejì, tàbí kí wọ́n jókòó sí Ìkirè.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Àmọ̀dá lọ ra ìṣó. Mọ̀nsúrát wọn ìṣó fún un, ojú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Àmọ̀dá kí i, Mọ̀nsúrát kàn nàka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Àmọ̀dá pè é lórí fóònù, fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó tún un pè, ó tún un pè, débi pé gbogbo Sango kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní Mọ́ńdè, ó kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò ara rẹ̀ mọ́ pákó, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló sì fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ní Túsìdeè, ó da iyọ̀ inú ike kan sínú ọbẹ̀, síbẹ̀ kò gbọ́ adùn kankan.

Nígbà tó di ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ó jókòó sórí igi òkè pátápátá, ó ń bá ara rẹ̀ ro ẹjọ́. Ọmọ yìí kò jẹ òun níyà, ó ti kí òun. Òun kà á. Márùndínlógójì ni, kò dín. Ti ọ̀sán òní wà nínú rẹ̀. Kí ló wá ń ṣe òun bí ẹni tí wọn ò kí láti ọdún tó kọjá?

Ibẹ̀ ló wà tí ohùn Bàbá Láwàlì fi gba inú gbohùngbohùn pe Àìlà. Ẹnu Àmọ̀dá ti là láti sọ pé ti òní ti wà nílẹ̀. Ó wá yé e. Ẹnìkan ti ń pè é lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ láti ọjọ́ yìí wá, òun sì ń nàka sí kàlẹ́ńdà.

Ó gbé hámà kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ọgọ́ta ìgbésẹ̀, kò sì ka ọ̀kan nínú wọn.

Díákónì pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní níbo ló ń lọ, ṣé kò mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá wo òrùlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

“Wọ́n ń pè mí ni, sà. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé mi lẹ́yìn ìrun.”

Díákónì wò ó. Kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tó lè so igi òkè yẹn pọ̀ kó má yẹ̀. Ó ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n àsìkò tó bá fi kírun lọ́sàn-án, kó tètè dé láàárọ̀ fi dí i. Àmọ̀dá ní kò sí wàhálà, láti ọ̀la lọ òun náà á ti jí ní Àsùbá.

Rákáà mẹ́rin péré ni Àìlà. Kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn ń mu gààrí lọ. Ṣùgbọ́n ara Àmọ̀dá fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ara ẹni tó pe fóònù láti ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e. Ó jókòó ti Bàbá Láwàlì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu bàbá náà là, kò lè pa á dé, nígbà tó rántí ibi tí òkìkí tóun gbé dé. Ó wá ní kí Àmọ̀dá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó máa san èyí tó ti fò díẹ̀díẹ̀, nítorí ìrun kò ṣeé kí kí àkókò rẹ̀ tó wọlé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá dé Ifọ̀, kó ṣáà rọra máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mọ̀nsúrát tún dúró níwájú àgbàlá.

“Mélòó lẹ kí lónìí?”

“Méjì. Àsùbá àti Jímọ̀.”

“Ìyókù ńkọ́?”

“Àkókò wọn kò tíì tó.”

Mọ̀nsúrát yí ojú sẹ́yìn kó lè rí ẹ̀rín rẹ̀ gbé mì. Nígbà tó yíjú padà, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán.” Àmọ̀dá dúró, ó ń retí èyí tó kù.

“Ṣé ó tán ni?”

“Ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́.”

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Mọ̀nsúrát ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Àáfà Rùfáì ń fa tẹ̀sùbáà bó ṣe ń gbọ́. Ó wá ní pákó tó gùn jù ṣeé gé, èyí tó kúrú ni kò ṣeé fà. Kí wọ́n máa bọ̀.

Báyìí ni àwọn ará Ìkirè ṣe dé lọ́jọ́ Sátidé, bàbá Àmọ̀dá ṣíwájú wọn. Díákónì Àbáyọ̀mí bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Àmọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àwọn àna, arákùnrin bàbá Mọ̀nsúrát kan láti Ọ̀tà sì ń bi í láwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọkọ ìyàwó, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jẹ egungun. Ó ku ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n ní kó dìde ni wọ́n pe Àlàásárì. Àmọ̀dá dìde.

Arákùnrin bàbá náà béèrè pé ta ló ní kó dìde. Ìyá Mọ̀nsúrát fi ọwọ́ bo ẹnu. Àmọ̀dá ti ń ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó ń wá omi.

Àáfà Rùfáì náà bá dìde. “Wọ́n pè é ni,” ló wí. “Àwa náà ni wọ́n ń pè.”

Ni àna, ni ẹbí ọkọ, ni tàgbà tèwe bá tú yááyáá jáde, wọ́n to ẹsẹ̀ lẹ́yìn ara wọn nínú àgbàlá. Díákónì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú pálọ̀ pé kó bá wọn ṣọ́ oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa kírun tán tí wọ́n padà wọlé, ìsàlẹ̀ abọ́ ẹran ti ń dán. Díákónì nu ẹnu rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun náà gbàdúrà sí i kóun tó fọwọ́ kàn án.