Ilé Oúnjẹ Tí Wọn Yóò Ti Bèèrè Ọmọ Mi

Ọmọbìnrin mi ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta ní Párísì, kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo ìlú náà tó mọ̀. Ìwé ló lọ kà níbẹ̀. Yàrá kékeré kan ló ń gbé, lókè téńté ilé alájà mẹ́fà. Ìgbà tí ara rẹ̀ yá tán ló tó sọ fún mi. Mo bi í pé ta ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ó ní, "Bàbá mi, ta ni ì bá kàn án?"

Takisí ni mo ń wà, láti Ìsàn sí Oyè. Ní ọdún tí ẹ̀yìn dá mi dùbúlẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ wá mi wálé ni ìyá àgbà tó ń se oúnjẹ fún àwa awakọ̀ ní Ayégbajú. Ọjọ́ kejì tí kò rí mi ló gun ọ̀kadà wá. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀: "Dírẹ́bà, mo rò pé o ti rí ulé oúnjẹ mìíràn ni. Àṣé àìsàn ni! Ó dùn mí o, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀."

Irú ibẹ̀ ni mo fẹ́ fún ọmọ mi. Ó ti sọ fún mi pé àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké wà níbẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní bísíró, pé oúnjẹ ọ̀sán wọn kò wọ́n, pátákó dúdú ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lórí fóònù nígbà tí mo bá ń dúró de èrò ní gáréèjì. Fóònù ń tú ohun tí àwọn oníbàárà kọ ní èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi, mo sì ń kọ èyí tó ṣe kókó sínú ìwé. Àwọn ènìyàn ń yin aṣọ tábìlì àti òdòdó ojú fèrèsé. N kò wo ìyẹn. Mo ń ka tábìlì inú àwòrán: bó bá ti ju mẹ́wàá lọ, mo ti fi sílẹ̀. Mo ń wò ó bóyá ojú kan náà wà nínú àwòrán oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ pé onílé oúnjẹ kan ń da òun láàmú, ó ń bi òun ní ìbéèrè púpọ̀ jù. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ ibẹ̀.

Àmọ́ ibòmíràn tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rán an lọ. Mo ní kó yà sí ibi ìdáná kó kí ẹni tó ń se oúnjẹ, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lójú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un.

"Bàbá mi, mo wọ ibẹ̀ lọ náà ni," ó ní. "Kí ni ǹ bá tún ṣe?"

Ọ̀dọ̀ onílé oúnjẹ oníbéèrè yẹn ló wá ń lọ, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọkùnrin náà ti ń gbé omi fún un kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ mi yàtọ̀ lórí fóònù. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ dájú, mo ní kó má lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wò ó bóyá wọn yóò bèèrè rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa jẹ oúnjẹ mi," ó ní. Àmọ́ kò lọ, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tó padà síbẹ̀, nígbà tó pè mí, mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Èrò mẹ́rin wà nínú ọkọ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó kí mi."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ."

"Kò bèèrè ibi tí o wà?"

"Kò bèèrè."

"Bóyá ó ti bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Bàbá mi, lọ́wọ́ ta?"

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Dírẹ́bà, ṣé ká sọ̀ kalẹ̀ tì í ni?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo wa ọkọ̀ lọ.

Kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo mú ibi mẹ́ta mìíràn lọ bá a, ó kọ̀ wọ́n. Ó ní, "Kí ẹ tó ní kí n má lọ, mo rò pé ọkùnrin yẹn mọ̀ mí."

Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun ti se ìrẹsì, òun ń jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.