Kabúrétọ̀ Ẹlẹ́nu Ńlá

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé "àmúwá Ọlọ́run ni," ọwọ́ onítọ̀hún ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá gírísì wà níbẹ̀.

Agbẹ̀bí ni mí. Nígbà tí Lọ́kọ́ja ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí kan nínú ìlú, àmọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mo máa ń wa ọkọ̀ ara mi lọ sí àwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lórí òkè láti yẹ àwọn aláboyún wò. Bí mi ò bá lọ, kò sí ẹlòmíì tó máa lọ. Ọkọ̀ náà kéré, ó sì ti gbó. Ní títì Gánájà kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n tó bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà míì, àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lóko ló máa ń bá mi tì í.

Mo mọ ohun tó ń fẹ́. Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì, kabúrétọ̀ tèmi kò sì lágbára tó. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i, kabúrétọ̀ kéékèèké méjì ni kó fi sí i, kì í ṣe ńlá kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Mo lọ bá mẹkáníìkì wa ní Gadumo. Ọkọ mi bá mi lọ. Olùkọ́ ni ọkọ mi, kò mọ ọkọ̀ wà, kò mọ ibi tí wọ́n ń da omi sí lára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n torí pé òun ló wọ ṣòkòtò, òun ni mẹkáníìkì ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá," ó wí fún ọkọ mi, "ti ọkọ̀ ńlá ni màá gbé sí i. Ẹnu ẹ̀ gbòòrò. Ẹni tó bá ń jẹun dáadáa ló ń lágbára."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ́ńjìnnì yìí kéré. Ẹnu ńlá á pa á kú. Kéékèèké méjì ni ìwé wí."

Kò wojú mi. "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún Màdáàmù pé méjì ò lè gbé inú ilé kan. Orogún ni wọ́n máa bá ara wọn ṣe."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ ti oníṣẹ́," ó wí fún mi. "Ìwọ náà kì í jẹ́ kí aláboyún kọ́ ẹ níṣẹ́ rẹ."

Mo dákẹ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Èmi tí mo máa ń lé ìyá ọkọ jáde ní yàrá ìrọbí, mo dákẹ́ níwájú ọkùnrin méjì tí kò ka ìwé náà.

Ó gbé kabúrétọ̀ ẹlẹ́nu ńlá sí i. Ó tún lu ihò tí epo ń gbà fẹ̀ sí i. Ó yọ asẹ́ tó ń gba eruku dànù, ó ní kí ẹ́ńjìnnì lè ráyè mí. Orí ilẹ̀ títẹ́jú ló ti ṣe gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ṣófo, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí. Nígbà tó tẹ tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ náà bú ramúramù, ọkọ mi sì pàtẹ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, mo bá ìyàwó àgbẹ̀ kan ní abúlé tó ti ń rọbí láti àná. Ọmọ kò sọ̀ kalẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kù. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ wọlé tì í. Gegele kan wà lọ́nà tí a gbọ́dọ̀ gùn ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Lọ́kọ́ja. A dé ìdajì rẹ̀. Mo tẹ tọ́tù, ọkọ̀ húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Epo ń kán tó tó. Mo yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, mo fi etí ìró mi nù wọ́n, mo dá wọn padà. Ó jí, ó tún kú. Láàárín ìgbà tí mo ń nu púlọ́ọ̀gì, mo ń sáré padà sẹ́yìn láti gbé ìwo onígi lé ikùn obìnrin náà, kí n gbọ́ ọkàn ọmọ. Ní ìgbà kìíní, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ní ìgbà kejì, ó ti ń falẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lóko fi máa tì wá dé orí gegele, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Wọ́n gba ẹ̀mí ìyá là. Ọmọ náà, ọkùnrin ni, kò ké.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó mi orí, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo lọ bá mẹkáníìkì, òun náà ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó sì ń fi àkísà nu ọwọ́. Ọlọ́run kọ́ ló lu ihò epo fẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, kò yẹ kó máa pe Ọlọ́run lẹ́jọ́.

Mo sunkún, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi kan bá mi ra kabúrétọ̀ kéékèèké méjì bọ̀ láti Kàdúná, pẹ̀lú irin tí wọ́n ń jókòó lé. Mẹkáníìkì bá mi dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní òun ò sí níbi ká máa sẹ́ẹ̀tì orogún kí wọ́n lè máa fa afẹ́fẹ́ bákan náà.

Mo gé rọ́bà tí a fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Mo ki orí rẹ̀ kan sí etí mi, mo gbé ìkejì sí ẹnu kabúrétọ̀ kìíní, mo gbọ́ bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́. Mo gbé e sí èkejì. Ọ̀kan ń fa kíkan, ọ̀kan ń fa jẹ́ẹ́. Mo yí sukúrù díẹ̀, mo tún gbọ́, mo tún yí i. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni mo fi ṣe é, títí tí méjèèjì fi dún bákan náà. Mo wá asẹ́ mìíràn fi sí i nítorí eruku pupa ọ̀nà òkè. Mo di àpò iyanrìn kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo lọ dán an wò lórí gegele yẹn gan-an. Jíà kejì ló fi gùn ún. Mo dúró lórí rẹ̀, mo bú àwọn ọkùnrin méjèèjì tìyátìyá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mẹkáníìkì mú oníbàárà kan wá sílé wa ní Kábáwá. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò kí mi ju "Okun o" lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Èmi ni mo yan méjèèjì, èmi ni mo sẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá."

Ọkọ mi ní, "Ó mọṣẹ́."

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Mo yọ sukudiráfà ní àpò mẹkáníìkì, mo yí gbogbo sukúrù tí mo fi oṣù kan tò, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Mo dá sukudiráfà padà fún un.

"Ó ti bàjẹ́," mo wí. "Ẹ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

"Madam, no vex."

"Mo ń bínú. Ẹ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó húkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú. Ó tún yí i, ó tún kú. Òógùn bò ó. Oníbàárà ká ọwọ́ gbera, ọkọ mi ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró, mo ń retí kí ọ̀kan nínú wọn wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Kò sẹ́ni tó wí i.