Àwo Tí Ìyá Mi Lé Orin Sí

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ló máa ń gba gbogbo inú ọ́fíìsì wa ní Igbó Ẹfọ̀n láwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ títì Ẹ̀pẹ́ lójú. Nídìí fèrèsé tí a kì í lè ṣí nítorí eruku ni mo ti rí i lórí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kan: àwo orin àtijọ́ kan tí ilé gbàǹjo kan nílùú òyìnbó fẹ́ tà. Orúkọ ẹgbẹ́ akọrin tí ìyá mi wà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge ló wà lára rẹ̀. Ìyá mi ló lé orin yẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi, n kò gbọ́ ohùn náà rí.

Mo dá owó lé e, ogún pọ́n-ùn ni mo fi borí. Mi ò lè dúró dìgbà tí mo máa délé. Mo pe ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Abraham Adésànyà. Ọdún yẹn gan-an ni etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pariwo, "Màmá, mo ti rí àwo yín o!" kí wọ́n tó gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó tètè dé o."

Lọ́jọ́ kejì ni ilé gbàǹjo náà fi iye owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn, fún ohun tí kò wúwo ju abọ́ ìjẹun lọ. Ara mi gbóná. Èmi tí mo máa ń ná ọjà ní Ajah títí ọlọ́jà á fi ní kí n máa gbé e lọ! Mo kọ̀wé sí wọn pé ìrẹ́jẹ ni. Obìnrin tó ń dá mi lóhùn kì í bínú, ohun kan náà ló ṣáà ń sọ: iye tí àwọn ń gbà nìyẹn.

Ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ san owó yìí. Ṣé ẹ ò rí bí etí Màmá ṣe ń ṣe ni?"

"Owó kọ́ ló ń dùn mí," ni mo wí. "Ìyànjẹ ni mi ò fẹ́."

Òótọ́ ni mo sọ. Owó náà wà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù lónìí.

Oṣù méje ni mo fi bá wọn fà á. Ìyá mi á béèrè, màá ní ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Ìgbà tí ilé gbàǹjo kọ̀wé pé àwọn máa tà á fún ẹlòmíì ni àyà mi já. Mo san gbogbo rẹ̀, mo tún fi owó ìtọ́jú ẹrù lé e.

Nígbà tí àwo náà fi máa dé, dókítà ti sọ pé kò sí ẹ̀rọ etí tó lè ran ìyá mi lọ́wọ́ mọ́. Síbẹ̀, mo yá ẹ̀rọ tí ń lu àwo, mo gbé e síwájú wọn ní pálọ̀. Ohùn ọmọge kan jáde, ó tín-ín-rín, ó mọ́ kedere. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Ìyá mi ń wo ojú wa, wọ́n wá rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rọ náà.

"Ṣé ó ti ń kọrin?"

Mo gbá ọwọ́ wọn mú, mo forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Owó tí ilé gbàǹjo gbà lọ́wọ́ mi pọ̀ ju ẹ̀tọ́ wọn lọ. Mi ò tíì yí ohùn padà lórí ìyẹn. Àmọ́ mo ti wá mọ̀ pé èèyàn lè jàre, kó sì pàdánù ohun tó torí ẹ̀ ń jà. Ìyá mi ò bi mí rí nípa ohun tó dá a dúró. Ì bá sàn kí wọ́n ti bi mí, kí wọ́n sì bínú sí mi.