Ọwọ́ Tí Ẹsẹ̀ Irin Nà Sókè

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan dìbò pé ẹnikẹ́ni tó bá gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kò gbọdọ̀ wọ ìlà wọn lójú títì. Ìbò kan péré ló fi jù. Mo bi mẹ́rin lára àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Lórí èyí nìkan ni ẹnu wọn ti kò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó nawọ́ sókè fún òfin náà ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Irin. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé gíláàsì, kó sì máa fi férémù sí fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé: tábìlì gígùn kan tí wọ́n tẹ́ rọ́ọ̀gì sí lórí kí gíláàsì má baà họ, igi férémù tó fẹ̀yìn ti ògiri bí ìrèké, àti òórùn gọ́ọ̀mù. Lára ògiri, láàárín fọ́tò àwọn ọkọ àti ìyàwó tuntun tí wọn kò tíì wá gba ẹrù wọn, fọ́tò ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù kan náà, ó ní ìlà funfun tó ń tàn bí iná ọkọ̀ bá kàn án. Ẹni tó rán ẹ̀wù náà kò sí nínú fọ́tò. Ìyàwó Ẹsẹ̀ Irin ni. Télọ̀ ni.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọ́n máa ń wo kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó wo ojú ẹni tó gùn ún. Bí àlejò bá dé, Ẹsẹ̀ Irin a fi ìka méjì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, a mirí, a rọra gbé e kalẹ̀. A ní, "Ó wúwo o. Ṣé sìmẹ́ǹtì lẹ fi ń rù ni?" Ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, "Màmá Ọlọ́jà" lorúkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ti awakọ̀ kò tilẹ̀ ṣe é sọ. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn jù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti dún lórí òrùlé rẹ̀ gbà! kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ ojú títì. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun pé kí wọ́n máa rìn ní méjì-méjì, kí wọ́n sún mọ́ra, kí awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí wọn bí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó gùn. "Ẹni tó bá dá wà ni ọkọ̀ ń gbá," ló máa ń wí fún wọn. "Dírẹ́bà kì í rí ẹnì kan. Èrò ló ń rí."

Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn kúrò nílé, ìyàwó rẹ̀ ní òun náà fẹ́ máa bá wọn lọ. "Ọdún méjìlélógún ni mo fi rán ẹ̀wù fún àwọn tó ń gbé ọkọ mi lọ ní gbogbo Sátidé," obìnrin náà sọ fún mi. "Mo ní kí èmi náà lọ wo ibi tí wọ́n ń gbé e lọ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ tipẹ́. Ló bá fi owó ara rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kan, pupa fòò. Ó ní apẹ̀rẹ̀ níwájú.

Sátidé àkọ́kọ́, nǹkan ń lọ déédéé títí wọ́n fi dé òkè kan. Àwọn ọkùnrin ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n dorí kodò, òógùn ń ro. Ìyá, ìyàwó Ẹsẹ̀ Irin, bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kí wọn lọ: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá." Nígbà tó kan ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, ṣé kí n ti ra omi dè yín lókè?"

Ẹ̀rín pa ẹnì kan débi pé ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe kígbe pé, "Ẹsẹ̀ Irin, irin ti dógùn-ún o! Bátìrì ti gbapò!"

Ẹsẹ̀ Irin sọ fún mi pé òun bá wọn rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn yòókù tí mo bi ní kò rẹ́rìn-ín.

Kí oṣù náà tó tó ìdajì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n ń lò, gbogbo àgbà wọ̀nyẹn sì ká orúnkún jọ sórí àga ọmọdé. Ìyá jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àpò ẹ̀wù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ẹgbẹ́ wà lórí itan rẹ̀.

"Ta ni kẹ̀kẹ́ yìí pa lára?" alága wọn, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló bèèrè.

"Kì í ṣe kẹ̀kẹ́, mà," atúnfóònùṣe dáhùn. "Alùpùpù tí kò lóhùn ni."

"Ẹ fi ìyá sáàárín ìlà, ọ̀rọ̀ bùṣe," alága ní.

"Bí wọ́n bá wà láàárín, ta ló wá ń fa ta? Ṣé Ẹsẹ̀ Irin ló ń fa ìyàwó, àbí ìyàwó ló ń fa Ẹsẹ̀ Irin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní kí wọ́n nawọ́. Ọwọ́ dọ́gba, ó wá ku ẹyọ ẹnì kan tí kò tíì nawọ́ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Gbogbo orí yí sí i. Ẹsẹ̀ Irin gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ sí òfin náà.

Mo bi í ní ohun tó ń rò lọ́kàn nígbà yẹn. Ó ń fi èékánná ha gọ́ọ̀mù kúrò létí tábìlì. "N kò ro nǹkan kan," ó ní. "Ojú ló ń tì mí."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá ṣe bí ẹni ṣàánú: wọ́n ní màmá lè máa tẹ̀lé wọn, kó ṣáà fi àyè sílẹ̀ dáadáa lẹ́yìn wọn. Ìyá pín ẹ̀wù fún wọn tán kó tó lọ sílé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gba àdúgbò kan tí ọkọ̀ máa ń páàkì sí tọ̀tún tòsì. Nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ náà, awakọ̀ kan tó ń gbé oògùn kiri fún ilé oògùn kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Mo wo dígí," awakọ̀ náà sọ fún mi. "Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n kọjá ná. Wọ́n kọjá tán, mo ṣílẹ̀kùn. N kò mọ̀ pé ó ku ẹnì kan."

Mo jókòó sí ìjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Bí èrò bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ojú rẹ á tẹ̀ lé wọn síwájú. O kì í wo dígí mọ́. Ìyẹn kò mú ẹ̀bi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Òun náà kò sì sọ pé ó mú un kúrò.

Lásìkò yẹn, Ẹsẹ̀ Irin ti ń mu kọfí níbi tí wọ́n ti máa ń sinmi. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ ló rí, ohùn ọkùnrin ló gbọ́.

"Ṣé màmá ti ṣìnà ni?" atúnfóònùṣe bèèrè. Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín.

Ọrùn ọwọ́ Ìyá ló kán, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ti jinná. Èjìká kò jẹ́ kó lè na ọwọ́ ọ̀tún kọjá etí mọ́, nítorí náà ẹlòmíràn ló ń bá a gé aṣọ ńlá báyìí.

Awakọ̀ náà wá sílé wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí." Láti ìgbà náà, ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ló fi ń ṣí i, kí gbogbo ara rẹ̀ lè yí, kí ojú rẹ̀ sì wẹ̀yìn. Ó ti kọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá ti sọ ọ́ ní Bàbá Ilẹ̀kùn, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ẹsẹ̀ Irin náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó ń fọ aṣọ, ó ń gbọ́únjẹ. Kẹ̀kẹ́ pupa náà wà láàárín igi férémù. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, ó ń gba iná sí bátìrì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ lọ mọ́. Ohun tó fẹ́ kí n kọ ni pé awakọ̀ ló jẹ̀bi.

"Ẹ ti bá ìyá sọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ẹ nà yẹn?" mo bi í.

"Ó wà níbẹ̀. Ó rí i."

"Mo mọ̀ pé wọ́n rí i, sà. Ṣé ẹ ti bá wọn sọ ọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà lọ síbẹ̀, alága ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Ẹsẹ̀ Irin láago pé ẹgbẹ́ ti yí òfin náà padà. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó sáré gun àkàsọ̀, mo tẹ̀ lé e. Ìyá wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ọrùn ẹ̀wù ọmọ kékeré kan.

"Ìyá wa, wọ́n ti fagi lé òfin yẹn o! Wọ́n ní ká jọ máa bọ̀ ní Sátidé. Àárín ìlà gan-an ni wọn yóò fi ọ́ sí. Mo ti tún kẹ̀kẹ́ rẹ ṣe, ó ń dán. Ṣé a ó lọ?"

Ẹ̀rọ dúró. Ìyá gbé ojú sókè, ó wò ó.

"Dírẹ́bà ti wá sọ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ti sọ tiwọn. Ẹ̀yin lẹ kù, Bàbá wa."